Òrùka Agbóhùn-àwo

Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin náà lórúkọ níbi iṣẹ́. Agbóhùn-àwo ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ilé-iṣẹ́ wọn ń fi iná oòrùn ya gáàsì haidirójìn kúrò lára ooru omi. Inú ààrò tó gbóná débi pé irin ń pọ́n ni wọ́n ti ń ṣe é, lára àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju èékánná lọ. Tí àwo kan bá sán, gáàsì á jò, iṣẹ́ á dúró.

Amọ̀kòkò ni ìyá tó bí i. Ìyá yẹn a máa fi èékánná kan ìkòkò, a sì dẹtí sí i: èyí tó bá dún gooro yè kooro, èyí tó bá dún pọ̀ọ̀ ti sán. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń yẹ àwo wò kí wọ́n tó wọ ààrò. Àmọ́ òfin ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ gé èékánná mọ́lẹ̀, ló bá ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Ta ló fẹ́ bá àgbà jiyàn?

Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í sán nínú ààrò lemọ́lemọ́. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń dáná ààrò ọ̀hún. Nígbà tí ọ̀gá béèrè, ẹ̀gbọ́n ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá, àwo tó kúrò lọ́wọ́ mi ò lábùkù. Ẹni tó ń dáná ni kẹ́ ẹ bi. Ìwàǹwára ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Àbúrò ò fọhùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá fi àwòrán àwo méjìlélógún han Agbóhùn-àwo lójú kọ̀ǹpútà. Ní igun kan náà lára gbogbo wọn, ojú kan wà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ìlà tín-ín-rín bí irun sì ti ibẹ̀ lọ.

"Màmá, àwọn wọ̀nyí ò tíì wọ ààrò o. Ọwọ́ yín nìkan ni wọ́n tíì kọjá."

Ara bù ú máṣọ. Ó wo òrùka, ó wo àwòrán, ó tún wo òrùka. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Ó kàn bẹ ọ̀gá pé kó pe àbúrò òun padà, ó sì gbàgbé àpò rẹ̀ sórí àga.

Ó bá àbúrò nílé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Èmi ni. Òrùka mi ló ń mú àwo sán."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Ó ti tó oṣù kan tí mo ti rí ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń kàn án."

"O sì dákẹ́, títí mo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Àbúrò rọra gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ń kan àwo, ó máa ń ṣe mí bíi pé màmá wa wà nínú yàrá yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró."

Agbóhùn-àwo fa òrùka náà títí, kò bọ́. Àbúrò dìde, ó lọ mú ọṣẹ wá.