Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bá Màmá Kọ

Màmá ṣẹ́ bisikíìtì kan sí ẹ̀gbẹ́ etí mi. Ó dún pẹ́kẹ́.

"Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Ó jinná dáadáa nìyẹn."

Wọ́n mú òmíràn nínú ọ̀rá, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ. Èyí dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ewé tútù mọ́lẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Kó tó pé oṣù kan nínú páálí, á ti hu funfun. Wọ́n á dá a padà fún wa, wọ́n á wá máa bi wá pé ta ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Agége ni a jókòó sí, níwájú yàrá Màmá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ilé iṣẹ́ wọn ní Òrégùn máa ń gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ mú bisikíìtì tó ti fọ́ lọ sílé. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra nínú ilé náà, tiwa àti ti Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Oko Ọba, òórùn ẹ̀jẹ̀ àti awọ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti wọlé, òórùn bọ́tà àti ṣúgà tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ wọn ni a máa ń gbọ́. Màmá kì í ṣe ẹbí wa. Opó ni wọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sílé ọkọ. Èmi ni ọmọ tó kù tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnu ààrò ńlá ni iṣẹ́ Màmá. Bẹ́líìtì irin ló ń gbé bisikíìtì gba inú ààrò náà kọjá. Á wọlé ní tútù níhìn-ín, á jáde ní jíjinná lọ́hùn-ún. Ibi tó ń gbà jáde ni Màmá dúró sí fún ọdún méjìdínlógún. Aago kan wà lára ààrò náà tó ń sọ bó ṣe gbóná tó, ṣùgbọ́n Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Aago yẹn, ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ló tó máa ń sọ̀rọ̀." Imú àti etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọ̀dọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá gbà, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń kó wọn wá kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn kan lára wọn á ti di ọ̀gá Màmá.

Géètì méjì ni ilé iṣẹ́ náà ní. Ti iwájú wà fún àwọn ará ọ́fíìsì. Ti ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tú àpò àti ìró àwọn obìnrin wò, wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Géètì Òyìnbó ni Màmá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pe ti iwájú, bẹ́ẹ̀ kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀ mọ́.

"Tó o bá ti lè fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọlọ́dẹ, á ṣí i fún ẹ," Màmá sọ fún mi. "Tó bá jẹ́ 'ẹ kú iṣẹ́' lo sọ, á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àní ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọlọ́dẹ ọ̀hún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Ilé ìwé tèmi kò yàtọ̀. Páálí kan wà ní kíláàsì wa tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ló máa gbé e kọ́rùn títí a ó fi jáde. Èmi ni wọ́n yàn láti máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Màmá gbọ́, ó wù wọ́n. "Akọ̀wé mi" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ní kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kí àwọn gbọ́. N ó sọ gbogbo èyí tí mo mọ̀, àwọn náà á máa mi orí bí ẹni tó wà níbi wáàsí. "Ìwọ ò ní jìyà mi, in ṣáà Allāhu," ni wọ́n máa ń sọ bí mo bá parí.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kìíní girama ni ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa ṣe alábòójútó ìdí ààrò. Kò tíì pẹ́ tó jáde yunifásítì. Màmá ló fi iṣẹ́ náà hàn án fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí gbogbo èèyàn máa sọ nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ bíbí inú Màmá náà sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ Màmá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀wọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú wọn kún fún eérú. Ìyá mi gbé omi fún wọn. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mo wà níbẹ̀:

"Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe òórùn bisikíìtì, òórùn irin tó ń jẹ ara wọn ni. Mo tọ ọ̀gá wa lọ. Mo ní, 'Ọ̀gá, ààrò yìí ń rùn o, ẹ jẹ́ ká pa á wò.' Wọ́n ní, 'Mádàámù, Gẹ̀ẹ́sì.' Mo ní, 'Sà, bẹ́líìtì... bẹ́líìtì...' Wọ́n ní kí n lọ to ọ̀rọ̀ mi dáadáa kí n tó padà wá. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òórùn yẹn pọ̀ sí i, mo tún tọ ọ̀gá lọ. Ìwé ara ògiri ni wọ́n na ìka sí."

"Ẹ ò wá pa ẹ̀rọ náà fúnra yín?" ìyá mi bi wọ́n.

"Èmi kẹ̀? Kí n pa ẹ̀rọ láìgbàṣẹ? Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

Bẹ́líìtì há, gbogbo bisikíìtì inú ààrò náà di èédú, iná sì jó apá kan ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó fara pa. Alábòójútó náà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà pé obìnrin tó wà lẹ́nu ààrò kò sọ ohunkóhun fún òun. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fún Màmá ní ìwé tí wọ́n ń pè ní kúẹ̀rì: kí wọ́n kọ ọ́ wá ní Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọjọ́ méjì, ìdí tí ilé iṣẹ́ kò fi ní dá wọn dúró.

Màmá mú ìwé náà tọ̀ mí wá. Èmi jókòó sórí àga, Màmá jókòó sórí àpótí. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn nígbà náà.

"Akọ̀wé mi, kọ ọ́ pé mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má bínú. Kọ ọ́ pé ọwọ́ wọn ni mo wà."

"Màmá, ṣebí ẹ sọ fún wọn pé ó ń rùn? Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn."

"Rárá o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó juni lọ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Èèyàn á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná. Tí inú wọn bá ti rọ̀, wọ́n á ní ó tó, kí n dìde, kí n sọ tẹnu mi. Ìgbà yẹn ni màá wá sọ bó ṣe jẹ́. Àti pé ọmọ ọlọ́mọ ni alábòójútó yẹn. Mi ò fẹ́ kí ìwé tèmi ba iṣẹ́ wọn jẹ́."

Ìyá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí èèyàn méjì bá jà, ẹni tí kò jẹ̀bi rárá lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, tí yóò ní "ẹ má bínú", kí àgbà tó wà níbẹ̀ lè ráyè gbọ́ ẹjọ́. Kò sí ẹni tó máa torí ẹ̀ sọ pé ó ti jẹ́wọ́. Ó tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ ni.

Ká ní Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́ ni mo fi kọ ohun tí wọ́n sọ, bóyá ì bá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní lẹ́tà ọ́fíìsì, orí mi sì kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Màmá ní àwọn bẹ̀bẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àwọn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Màmá ní kí wọ́n má bínú. Mo kọ ọ́ pé àìbìkítà àwọn ló fa òfò náà, irú rẹ̀ kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Báyìí ni lẹ́tà inú ìwé wa ṣe lọ. Ó dùn lẹ́nu mi.

"Kà á fún mi," Màmá wí.

Mo gbé ìwé náà sókè, mo fi Yorùbá ka ohun tí wọ́n ti sọ fún mi. N kò ka ohun tí mo kọ. Mo lè sọ lónìí pé ọmọdé ni mí, pé mo rò pé nǹkan kan náà ni. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé tèmi le ju tiwọn lọ. Mo rò pé líle rẹ̀ ló jẹ́ kó dára.

Màmá gba bírò. Wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kéwú, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, láìgbé ọwọ́, lẹ́wà ju gbogbo ohun tí mo kọ sókè rẹ̀. Obìnrin yìí ni wọ́n kọ sínú ìwé ilé iṣẹ́ pé kò mọ̀wé.

Mo mú ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ kọ lọ sílé ìwé. Olùkọ́ wa kà á sí etí gbogbo kíláàsì, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Màmá ń múra ohun tí wọ́n máa sọ bí wọ́n bá pè wọ́n. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn lára ògiri lẹ́yìn ìrun àárọ̀: bí òórùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n lọ sọ, ibi tí alábòójútó dúró sí. Wọ́n tò ó dáadáa. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, ọlọ́dẹ fún wọn ní àpòòwé lẹ́nu géètì, ó ní wọ́n ní kí òun má jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di oníròyìn, mo wá obìnrin kan tó ń se tíì fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà lọ. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó rántí.

"Ọ̀gá àgbà ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ó sọ fún mi. "Wọ́n ní, 'Ó ti jẹ́wọ́, kí la tún fẹ́ pè é fún?' Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yòókù ní, 'Àbí ta ló tiẹ̀ bá a kọ Gẹ̀ẹ́sì yìí? Ó dáa gan-an o!' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé ṣúgà wá."

Ìwé inú àpòòwé náà, èmi náà ni mo kà á fún Màmá. Ó ní nítorí ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ìjẹ́wọ́ wo?" Màmá bi mí.

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ láti gbá mi létí, Màmá di ọwọ́ náà mú. "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá Akọ̀wé." Wọ́n wá fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo gbé ẹrù àgbà lé ẹ lórí."

Wọ́n bẹ̀ mí. Èmi ni wọ́n bẹ̀.

Màmá wá iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́ mẹ́ta ní Òrégùn. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń nà sí wọn níbi gbogbo. Wọn kò gbé ọ̀kankan wá fún mi láti kọ. Iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n rí nígbẹ̀yìn, ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, lábẹ́ ẹnì kan tó ń fi ìka pè wọ́n. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Kí ọdún méjì tó pé, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí wọ́n ti ṣe fídáù wọn tán ni a tó gbọ́ pé wọ́n ti kú.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń jẹun lónìí. Òun ló mú mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ kan lẹ́nu wò nílé rẹ̀. Ẹ̀rọ ló gé ìka rẹ̀ méjì. Kí n tó bi í ní ohunkóhun, ó ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá." Ọmọ tuntun tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà tọrọ àforíjì fún ohun tó ṣe. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Mo fa igi lé ohun tó kọ, mo ní kí ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, kí n gbé e lọ síbi tí àwọn fúnra wọn kò lè dé. Wọ́n ń yìn mí nítorí rẹ̀. N kò tíì jókòó ti iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan kí n má kọ́kọ́ rántí lẹ́tà Màmá. Mo ti ṣe é rí fún ẹni tó fọkàn tán mi, mo sì ṣe é dáadáa.