Mi Ò Lè Dùbúlẹ̀ Lábẹ́ Tírélà

Mi ò ní sọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé irin sókè lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń ta tòmátì ní ọjà Mile 12, ojú mi ṣì ń rí ojú wọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹgbẹ́ alábàárù méjì ń jà lórí ẹni tí yóò já ẹrù tírélà kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àti pé mi ò lè sáré.

Dókítà ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà tí mo ti ń bá yí tipẹ́ ti ba iṣan ọkàn mi jẹ́. Ọkàn náà ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa mọ́, omi á wá máa kó sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró mi. Ó fún mi ní oògùn ṣúgà, oògùn ọkàn, àti èyí tó ń fa omi jáde.

"Mummy, èyí tó ń mú yín tọ̀ yìí, ẹ má fò ó o."

Mo fò ó. Tí wọ́n bá ká tapólì kúrò lórí ẹrù, àwa tá a dúró sídìí ọkọ̀ la máa ń kọ́kọ́ mú apẹ̀rẹ̀ tó dáa. Ẹni tó bá lọ tọ̀, àṣàkù tó ti ń ṣomi ló máa bá. Oògùn yẹn sì ń lé mi lọ sílé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọ̀sán tó pọ́n. Torí náà, mi kì í lò ó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tí ìjà náà bẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ fi wọlé léraléra.

Ìgò àkọ́kọ́ fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Wọ́n fi irin la orí ọkùnrin kan níwájú mi. Ó rọra jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú tòmátì. Obìnrin tá a jọ wà ní ìsọ̀ kan náà wọ́ mi sábẹ́ tírélà.

"Aunty, ẹ nà gbalaja!"

Mo nà. Kíá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ orí mi rì sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Mo fẹ́ dìde jókòó, obìnrin náà di ọrùn mi mú.

"Wọ́n á rí wa! Wọ́n á pa wá!"

"Mi ò lè... mí."

"Ẹ mú un mọ́ra, ẹ jọ̀ọ́."

Àdá ń ha irin ọkọ̀. Ẹnì kan ń ké pe ìyá ẹ̀. Mo bu obìnrin náà jẹ lọ́wọ́ títí ó fi tú mi sílẹ̀, mo rá jáde, mo jókòó ti táyà ní gbangba.

Ọkùnrin kan gbé irin sókè lé mi lórí. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti ru apẹ̀rẹ̀ fún mi rí. Ìfófòó tó pọ́n díẹ̀ ń jáde lẹ́nu mi. Ó wò mí.

"Èyí ti ń kú lọ fúnra ẹ̀."

Ó fò mí dá. Mo gbọ́ bí irin náà ṣe dún lára ẹlòmíì.

Nílé ìwòsàn tí obìnrin ìsọ̀ wa gbé mi lọ, wọ́n fi atẹ́gùn sí mi nímú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ìtọ̀ mi kún àpò méjì.

"Mummy, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yẹn?"

"Mò ń lò ó."

"Irọ́ ni, dókítà," lobìnrin náà wí, báńdéèjì lọ́wọ́ ẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni ò fi lò ó. Eyín nìkan ló mọ̀ ọ́n lò."

Ní báyìí, mo máa ń lò ó kí n tó kúrò nílé ní Kétu. Tí ìtọ̀ bá dé, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀. Tòmátì tó ń ṣomi ni mò ń tà.

Ọkùnrin tó gbé irin lé mi lórí yẹn ṣì ń ru ẹrù lọ́jà. Á ní, "Mummy, ẹ ò tíì kú?" á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi kì í kẹ̀yìn sí i.