Ẹ̀rín Tí Ọmọ Mi Kọ́ Lára Ìyá Mi

Ọmọ mi obìnrin kò tí ì ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà tí mo gbé e lọ fún ìyá mi ní Iléṣà. Oṣù mẹ́ta tí ìjọba ń fún ọlọ́mọ láti fi sinmi ti pé, mo sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ ọ̀gá mi fún àfikún títí ojú fi ń tì mí. Taípíìsì ni mí nígbà náà ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni, ẹni tó bá sì ti ríṣẹ́ kò jẹ́ fi ṣeré. Bàbá ọmọ ń kọ́ni ní òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lọ́dún. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìgbọ̀nà, n kò sì tí ì mọ ẹnì kan níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè gbé ọmọ ọwọ́ lé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá mi lọ́dún tó ṣáájú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ti padà bọ̀ sípò. Wọ́n ń fọ aṣọ wọn fúnra wọn, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnu wọn nìkan ni kò padà. Ó wọ́ sí apá òsì. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún á dúró gbagidi bí ojú ẹni tó ń sùn, apá òsì nìkan ni yóò gbéra lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn náà kò já gaara mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, bí ìyá mi bá tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yéni, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin, opó tí kò bímọ, ló ń bá wọn gbé nínú ilé bàbá mi ní Òkè Ẹ̀sọ̀.

“Gbé e wá ulé,” ni ìyá mi wí, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. “Mo lè gbé ọmọ.”

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá ti bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tán, ọkọ̀ Iléṣà ni mo ń wọ̀. Kí n tó gbé ọmọ náà lọ, mo ti ń ṣàkíyèsí ohun tó ń wò. Nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibi tí irun mi ti pàdé iwájú orí ló máa ń tẹjú mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé kò ríran. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ bí mo ṣe ń yí aṣọ ìdí rẹ̀ padà. Ní Iléṣà, ẹnu ló wá ń wò. Bí ìyá mi bá gbé e sí orí itan, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní wo ohun mìíràn. Òun nìkan ni kì í ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n á sọ ti òjò fún un, wọ́n á sọ ti bàbá mi tó ti kú, òun náà á máa dáhùn ní èdè tirẹ̀, wọ́n á sì dúró kó parí kí wọ́n tó máa bá tiwọn lọ. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ wọn, inú mi kì í sì í dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Owú ń jẹ mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tó ti lé ní oṣù mẹ́jọ, mo nawọ́ sí i, ó sì fi ojú pamọ́ sí ọrùn ìyá mi. Mo gbà á. Ó ké bí ẹni tí àjèjì jí gbé. Mo dá a padà.

“Yóò mọ̀ ọ́ tó bá dọ̀la,” ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì ló rẹ́rìn-ín sí mi. Apá òsì ẹnu rẹ̀ gbéra, apá ọ̀tún dúró. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo tún bá a ṣeré, ó tún ṣe é. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àrùn tó mú ìyá mi ti mú ọmọ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo pọ̀n ọ́n, mo sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá wa lóhùn. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kó di ìka òun mú lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ló yọ ahọ́n sí i. Ọmọ náà wò ó pẹ́, òun náà sì yọ ahọ́n.

“Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?” ni nọ́ọ̀sì bi mí.

“Ìyá mi ni, mà.”

“Kí ló ṣe ẹnu ìyá rẹ?”

Mo sọ fún un. Ó gbé ọmọ fún mi.

“Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yìí. Ojú tó ń wò ló ń fara wé. Kò mọ̀ pé ẹnu kan wọ́, ẹnu kan gún. Ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín sí i ló mọ̀. Lọ sílé.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó parí síbẹ̀. Ìbínú ni mo gbé délé, bóyá nítorí ìjayà tó ti bá mi, bóyá nítorí owú yẹn. Ìyá mi jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo ní, “Màámi, ọmọ yìí ti ń wọ́ ẹnu bíi tiyín. Ẹ má jẹ́ kó máa wo ẹnu yín mọ́. Ọmọbìnrin ni.”

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ wọn. “Mo gbọ́,” ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ẹtì kejì, wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n so ó sẹ́yìn ọrùn bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ eléruku. Ọmọ wà ní itan wọn. Ó wo ojú wọn, ó fi ẹnu wíwọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dúró. Kò rí ohun kan gbà padà. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó pariwo díẹ̀. Ó nawọ́ sí ìborùn náà, ìyá mi sì rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ògiri, kò sunkún, kò sì wo ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo rí i. Ó yẹ kí n lọ tú aṣọ náà. Mo gba inú ilé lọ láti lọ wá oúnjẹ jẹ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí i tí mo fi gbé e wá sí Òṣogbo. Ìyá àgbà kan nínú ọgbà wa, Mùsùlùmí tó ń pa aṣọ láró, gbà láti máa wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì ráyè bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Kí oṣù kan tó pé, ẹnu ọmọ mi ti gún.

“Alihamudulilahi,” ni ìyá aláró wí fún mi. “Ṣé o rí i pé ó ti bọ́ sípò?”

Ó bọ́ sípò lóòótọ́. Àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́, kì í sì í dá ọ̀rọ̀ sọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní eyín ló ń yọ. Lílọ mi sí Iléṣà di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nígbà míì n kì í lọ. Bí mo bá lọ, mo máa ń bá ìborùn lẹ́nu ìyá mi, mo sì rò pé nítorí ọmọ tí mo pọ̀n ni wọ́n ṣe so ó.

Àrùn náà padà wá bá ìyá mi nínú ọyẹ́, láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n ti kú kí n tó débẹ̀. Ọmọ mi ti lé ní ọdún kan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnì kan gbé e dé iwájú àwòrán ńlá tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n yà kí àìsàn tó dé. “Wo màmá àgbà,” ni onítọ̀hún wí. Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Ẹnu obìnrin inú àwòrán yẹn gún, ọmọ mi kò sì rí irú ojú yẹn rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti àbúrò ìyá mi ń ká aṣọ olóògbé sínú àpótí. Ìborùn mẹ́rin ni mo rí tí wọ́n ká sọ́tọ̀, tí ibi tí wọ́n ti máa ń so wọ́n ti rún.

“Ti ẹnu wọn nìyẹn,” ni àbúrò ìyá mi wí. “Láti ọjọ́ tí o ti sọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹnu wọn mọ́. Nígbà tí o gbé ọmọ lọ, mo rò pé wọn á yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n ń lò ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá ń jẹun, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní òótọ́ lo sọ.”

Kò bú mi. Ó ń ká aṣọ lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, mo ń múra fún ọmọ náà láàárọ̀ níwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù mi. Tẹ́lẹ̀, bó bá rí ọmọ inú dígí, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń lọ wá a. Lọ́jọ́ náà, páúdà ta sí i níwájú orí. Ó wo dígí, ó gbé ọwọ́, ó sì nu iwájú orí ara rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀ tó funfun. Ó tún wo dígí, ó fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. “Èmi,” ló wí. Kò sọ ọ́ rí.

Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo wo ojú àwa méjèèjì, mo sì ń wá ibì kan lára ojú rẹ̀ tí ìyá mi ṣì kù sí. N kò rí i. Mo nu páúdà tó kù kúrò, mo wọ̀ ọ́ ní bàtà, mo sì gbé e lọ fún ìyá aláró, nítorí ọ́fíìsì ti ń dúró dè mí.