Ìró Àdìrẹ Tí Màmá Ya fún Àbúrò Mi

Láàárọ̀ àná, ní ilé ọmọ mi obìnrin ní Ìpọ̀nrí, mo gbọ́ tí nǹkan dún fàà nínú yàrá. Ó ń ya ọ̀rá ìlédìí tuntun fún ọmọ ọwọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ ná kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ tán. Yàrá kan ni èmi, bàbá mi àti Màmá ń gbé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Èèpo iṣu, ewúrẹ́ Ìyá Ràṣídà, alájọgbélé wa ní yàrá kejì, ló ni ín. Omi tí a fi ṣan aṣọ la fi ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agolo mílíìkì tó ṣófo la fi ń wọn ìrẹsì. Ẹ̀yin gan-an, bí ẹ bá dúró pẹ́ lójú kan, kò ní ṣàì rí ohun tí yóò fi yín ṣe.

Ó ní ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá, tó sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ìró náà ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lọ sọ́jà, kó tó di èyí tí mo fi ń bora. Òórùn Màmá wà lára rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí páànù ń pariwo, mo máa ń fà á borí, ẹ̀rù a sì fò lọ. Lọ́kàn mi, èmi ni mo ni ín, èmi náà ni mo sì ni Màmá.

Ìgbà náà ni Màmá bí àbúrò mi ọkùnrin. Kò pẹ́ tí ó fi mú ìró náà lórí ẹní mi, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó fà á ya, ó sì di ìlédìí. Kò bi mí léèrè. Mo jowú gidigidi.

Nígbà tó sá àwọn ìlédìí náà sórí okùn, mo fa ọ̀kan, mo ró o mọ́dìí bí ìyàwó ilé, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ràṣídà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò tíì rí orogún tó kéré tó báyìí rí. Màmá kò nà mí. Ó pọn ọmọ, ó sì lóṣòó níwájú mi, ó ní:

“Ìró méjì irú èyí ni mo rà pọ̀. Nígbà tí mo bí ọ, ìdí tìẹ ni mo ya èkíní sí.”

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú. Rárá o. Tèmi ti gbó kí n tó gbọ́n, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo lò ó. Ti àbúrò mi ni mò ń rí lójoojúmọ́ lórí okùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìlédìí di àkísà tí a fi ń nu gíláàsì àtùpà, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa nù ún.

Lónìí, àpò ìdọ̀tí ọmọ mi a ti kún kílẹ̀ tó ṣú. Mi ò bá a jà. Mo rántí bí ọwọ́ mi ṣe ń bó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ tí mò ń fọ ìlédìí tirẹ̀. Ó kàn ń dùn mí pé àwọn ọmọ yìí kò ní mọ bí aṣọ kan ṣe ń bá ilé gbé títí yóò fi tán.

Àbúrò mi ti hu ewú. Bó bá wọlé tọ Màmá lọ, ojú ìyá arúgbó yẹn a tàn. Bí èmi bá wọlé, á béèrè bóyá mo bá òun ra ọṣẹ. Màmá mọ bí a ṣe ń pín nǹkan díẹ̀ kó kárí ilé. Ojú tó ń tàn yẹn nìkan ni kò tíì kárí dé ọ̀dọ̀ mi.