Lẹ́tà Tó Dúró De Ẹni Tó Ni Ín

Eyín ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe yíyọ o. Ṣíṣe.

Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti lọ, dókítà á fi ìda tẹ inú ẹnu rẹ̀, á fi àpẹẹrẹ náà ránṣẹ́ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìtajà bàtà. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ á gbé ọ̀bẹ tín-ín-rín, á bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹnu tuntun fún ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ tó bá ti parí, ojú fèrèsé ló ń tò ó sí kó gbẹ. Kò sí ojú, kò sí ètè, ẹ̀rín nìkan. Àlejò máa ń ta kìjí tó bá kọ́kọ́ rí wọn. Ní tirẹ̀, wọ́n ti di ará ilé.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, nǹkan mìíràn ni. Kọ̀ǹpútà kan tí ara rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Tẹlifóònù dúdú kan. Àti módẹ̀mù, àpótí pẹlẹbẹ tó so àwọn méjèèjì pọ̀, tó ń tan iná pupa bí ẹni tó ń ṣẹ́jú síni. Pátákó rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pátákó onígi. Pátákó ìkéde inú kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé tirẹ̀ á fi tẹlifóònù pè é, á wọlé, á ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ síbẹ̀, á fi èrò tirẹ̀ sílẹ̀, á jáde. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri, oníkálukú ló sì ń tọ́jú tirẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Tàbí wèrè díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe máa ń sọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè rìn láti pátákó kan dé òmíràn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní mélà. Ìránṣẹ́ ni mélà. Á di àwọn lẹ́tà sínú ẹrù, á tẹ nọ́ńbà pátákó kejì, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì á kí ara wọn, á gbé ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀, á gba ti ọ̀hún. Ó parí. Bí o bá ti kọ́ ọ níṣẹ́ dáadáa, o lè gbàgbé rẹ̀. Bí o bá sì kọ́ ọ níṣẹ́kíṣẹ́, ohun tí o kọ́ ọ náà ló máa ṣe. Mélà kì í bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kó o sínú ọ̀rọ̀ pátákó yìí. Nídìí àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń pèsè iná mànàmáná ni ẹ̀gbọ́n náà ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ariwo wọn sì gba etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń jẹ bèbè odò. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tẹlifóònù di igi lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ra kọ̀ǹpútà, ó ra èkejì fún àbúrò rẹ̀, ó gbé e wọkọ̀ láti ìlú tó jìnnà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so gbogbo okùn rẹ̀.

"Ibí la ó ti máa sọ̀rọ̀," ó ní.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Láàárọ̀, mélà àbúrò á pe ti ẹ̀gbọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, ti ẹ̀gbọ́n á pe ti àbúrò. Ohun tí orúnkún ń ṣe. Ẹni tó bímọ. Ẹni tó yẹ kó ti sanra tí kò sanra. Ẹ̀fẹ̀, ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ilé ẹlẹ́fẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀fẹ̀ náà ló wá di ẹ̀rù.

Gbàgede kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn onípátákó ti jọ ń kọ̀wé. Ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n Ìyá Eléyín ní sùúrù, pé ó máa ń fara balẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́. Ni Ìyá Eléyín bá dáhùn: "Ẹ má jẹ́ kó tàn yín o. Láti kékeré ni kì í fetí sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí etí wá di gan-an, kò sí ẹni tó rí ìyàtọ̀."

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹrù ìrọ̀lẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa.

Àárọ̀ mọ́, kò sí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n. Ìrọ̀lẹ́ dé, módẹ̀mù ò dún. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó ń fi eyín sí ìda, ó ń wo kọ́tìnnì. Láàárín ọmọ ìyá, ẹ̀fẹ̀ tó le ju ìyẹn lọ ti kọjá. Ṣùgbọ́n ní gbangba? Lórí ohun tí kò lè wò sàn?

Ó ní kí òun kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò ná. Ẹni tó bá rí nǹkan tún ṣe, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Ó tú okùn, ó tún un so. Ó pa módẹ̀mù, ó tún un tàn. Ó wo nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ètò mélà: ó pé. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń dá ara wọn mọ̀: ó pé. Ó wá gbé tẹlifóònù fúnra rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà. Ó dún. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n gbé e, ó sì fọn fèrè sí i létí, wíííí, tó fi jẹ́ pé ńṣe ló sọ tẹlifóònù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀rọ yè, nígbà náà. Ẹ̀rọ wà ní títàn. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kò fọhùn.

Ìyẹn ló wá burú jù.

Nígbà tí kò rí nǹkan kan dì mú mọ́, ó pe Oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ni olórí ẹgbẹ́ ní agbègbè wọn, gbogbo ẹrù ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ilé búrẹ́dì gidi ló ní. Wọ́n ní ìyẹ̀fun inú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó yan àkàrà òyìnbó kan. Ọ̀sán ni, búrẹ́dì ti jáde nínú ààrò, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ìyá Eléyín! Ta lẹ tún fẹ́ bú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Mélà ló ń dà mí láàmú."

"Ẹrù tèmi dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí àbí kò dé?"

"Ó dé."

"Tiyín náà dé ọ̀dọ̀ mi. Módẹ̀mù yín ò ṣàìsàn nìyẹn, ìlà yín náà yè. Ọ̀dọ̀ ta ni kò dé?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà. Ṣé ọ̀rọ̀ etí yẹn ni?"

"Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ò ro nǹkan kan o. Mo kàn rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi jóná ni. Ẹ ṣí ètò mélà yín, ẹ ka apá ti ẹ̀gbọ́n yín sí mi létí. Ẹ má fo ìkankan. Ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ni kí ẹ gbé mì."

Ó wọ awò, ó kà á. Orúkọ pátákó. Nọ́ńbà. Bí ìlà ṣe ń yára sí. Bí lẹ́tà á ṣe rìn: kó dúró.

"Ẹ tún ìyẹn kà."

"Kó dúró."

"Kó dúró de ta?"

"De ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo yí i bẹ́ẹ̀." Ó ṣàlàyé. Nínú ẹrù tó dé kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ́ pé ìyàwó òun ń ráhùn: bí tẹlifóònù bá dún láàárọ̀, òun ìyàwó ló máa ń sáré gbé e, ẹ̀rọ á sì fọn fèrè sí i létí. Nítorí náà ló ṣe sọ fún mélà pé kó má pè mọ́. Kí lẹ́tà jókòó, kí ẹ̀gbọ́n wá gbé e nígbà tó bá wù ú. Etí obìnrin náà á sinmi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Oníbúrẹ́dì ní. "Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?"

"Mo sọ fún un."

"Báwo lẹ ṣe sọ ọ́?"

"Mo kọ lẹ́tà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná."

"Lẹ́tà náà ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?"

Ìyá Eléyín tún awò rẹ̀ ṣe lójú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, òun ló ṣíwájú gbogbo èyí tó kù, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń retí ẹni tó ni ín.

"Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Ẹ̀rín Oníbúrẹ́dì gba gbogbo ìlà kan. "Ìyá Eléyín! Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá lọ lẹ ìwé mọ́ ọn láti inú pé ilẹ̀kùn yìí ti tì!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. "Oníbúrẹ́dì, òun náà máa ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí kò pè mí?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyẹn kò sí nínú ètò mélà, ìyá mi. Ẹ pè é, kí ẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Eléyín yí ètò náà padà. "Kó dúró" di "kó lọ". Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí itan. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà, ẹ̀rọ ọ̀hún á kọ̀ ọ́, òun náà á sì mọ̀ pé ó ń bínú lóòótọ́. Mélà tẹ nọ́ńbà. Ó dún níbẹ̀. Ó tún dún.

"Hẹ́lò?" Ohùn obìnrin. Láti inú módẹ̀mù. "Hẹ́lò! Ta nìyẹn? Ẹ má fọn nǹkan kan sí mi létí o!"

Ó já tẹlifóònù gbà. "Ìyàwó wa! Ẹ má gbé e sílẹ̀! Èmi ni!"

"Eyínafẹ́!" Orúkọ tí ìyàwó náà fún un nìyẹn lọ́jọ́ tó wọ ilé wọn, nítorí kò ní pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ gidi, tipẹ́tipẹ́ kí eyín tó di iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ń fọn fèrè láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rọ ni, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ibi tó máa ń wà náà ló wà. Ó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ hó. Mo kọ ọ́ sí ìwé fún un pé kó pè yín. Ó kọ̀."

"Ó kọ̀?"

"Ó ní òun ò fẹ́ dí ìlà yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé tíṣà kan tí ẹ̀ ń ṣe eyín fún ń pariwo lé yín lórí, pé bí òun tíṣà bá pè ní ìrọ̀lẹ́ nítorí eyín òun, ìlà á ti dí? Ó ní lẹ́tà yín wà lọ́dọ̀ òun, kí ẹ wá gbé e nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ó ní òun ti kọ ọ́ sí yín."

"Inú kí ló kọ ọ́ sí?"

"Ṣé èmi ni mo mọ̀? Inú ẹ̀rọ rẹ̀ náà ni."

Ìyá Eléyín fi orí lé tábìlì. Nínú ẹrù kan náà ni ẹjọ́ méjèèjì ti pàdé: ti ìyàwó ń bọ̀, ti tíṣà ń lọ. Oníkálukú ka ti ẹnìkejì, oníkálukú sì fi ọ̀wọ̀ pa ẹnu mélà tirẹ̀ dé. Bí ẹni méjì lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Ẹ kọjá. Rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọjá. Ilẹ̀ wá ń ṣú.

"Ó rò pé ẹ̀ ń bínú ni," ìyàwó ní, "torí pé ó fi ẹjọ́ mi sùn yín. Ó tilẹ̀ dá mi lẹ́bi. Eyínafẹ́? Ẹ̀ ń sunkún ni àbí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ìyàwó wa. Tó bá tún dún, ẹ má gbé e."

"Kó máa pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó pariwo."

Ó pariwo. Fèrè kan fọn, òmíràn dá a lóhùn, àwọn ẹ̀rọ kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ àṣírí kò yí padà. Ẹrù lọ, ẹrù dé. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ń sáré bí omi òjò lára gíláàsì. Orúnkún. Ọmọ aládùúgbò. Ìdí tí òun kò fi ní máa pè mọ́, kúnnákúnná. Lẹ́yìn rẹ̀, èyí:

"O ní kò sí ẹni tó rí ìyàtọ̀. Ìyá wa rí i. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dojú kọ mí tó bá ń sọ̀rọ̀, kí n lè máa wo ètè rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí díẹ̀. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù."

Ó kà á. Ó tún un kà. Kò mọ èyí nípa ìyá wọn rí.

Kò kọ lẹ́tà. Ó pe pátákó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí àlejò lásán, ó wọlé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

"Àbúrò. Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"O ti bẹ̀ mí. Má wá bẹ̀ mí ní gbàgede o, wọ́n á ní mo ti darúgbó."

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìyá wa yẹn."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ta ló máa pè lọ́la?"

"Èmi. Èmi ni àbúrò."

"Àbúrò tó ní oníbàárà. Èmi ni n ó pè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Ibi tí a ti ń bọ̀ náà nìyí. Kí ni ìyàwó wa wí?"

Ojú kọ̀ǹpútà dúró. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹyọ álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde. Ó pẹ́ kí ìkejì tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀; ẹni tí kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí ni, tó ń fi ìka kan wá ọ̀rọ̀ kiri. Ìyá Eléyín ní sùúrù títí tó fi parí.

"eyinafe e pe laaro. mo maa ti ji. mi o ni gbe e."