Ọmọ Mi Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ìwé tí mo kà kò ju kí n lè kọ orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mọ́tò kan ló gbá bàbá àwọn ọmọ mi lójú pópó lọ́dún tó kọjá, ó sì sá lọ. Kí ọlọ́pàá tó dé, èrò ti rọ́ bo ibẹ̀. Àwọn kan wá ṣàánú, àwọn kan wá wòran. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ pa ipa táyà rẹ́. Títí dòní, a kò mọ ẹni tó pa á. Ìdí nìyẹn tí àbíkẹ́yìn mi fi lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń bá ọlọ́pàá yẹ ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ wò.

Àwọn ará ilé wa sọ ọ́ ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Káfíńtà tó wà ní yàrá kejì kì í jẹ́ kó kọjá lásán.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wá bá mi mú ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò mi!"

"Bọ̀dá Káfíńtà, ẹ lanu ná, kí n kọ́kọ́ wo eyín yín."

Bí ọmọ mi ṣe ń ṣàwàdà tó yẹn, ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún mi pé àwọn kì í sáré wọ ibi ọ̀ràn. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn kí wọ́n má baà fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á fojú wá ibi tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé.

"Ìyá mi, bí mo bá rí ife lórí tábìlì báyìí, ìtẹ̀ka ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di pé bí mo ṣe máa máa wo èèyàn pàápàá nìyẹn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi gan-an kò balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rẹ aṣọ pupa oníbàárà kan sómi kí n tó rán an. Aṣọ náà ń ṣí, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n gbé bàsíà, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà. Omi pupa dà káàkiri ilẹ̀. Èémí há mi lọ́fun, n kò lè sọ̀rọ̀, n kò lè mira. Ìgbà náà lọmọ mi ṣílẹ̀kùn.

Ó dúró. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo rí ojú rẹ̀: ó lọ sí fèrèsé, ó lọ sára bàsíà, ó ń wá ibi tó gbẹ nílẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ mi. Jìnnìjìnnì tó bò mí ju ti ìṣubú lọ. Mo ní ó tán, ọmọ tí mo bí ti kà mí mọ́ òkú. Mo já èémí gbà tipátipá.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àga ni mí ni?"

Ó ké, ó fi bàtà ya wọnú omi, ó dì mọ́ mi. Káfíńtà sáré dé tòun tòòlù lọ́wọ́. Bó ti rí omi pupa náà, ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Omi aṣọ ni o," mo wí.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ fẹ́ pa mí!"

Nígbà tí wọ́n gbé mi sórí ibùsùn, ọmọ mi ní òun kò ní padà sílé ẹ̀kọ́ náà mọ́.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe bẹ́ ẹ bá bá èèyàn nílẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ká wò bóyá ó ṣì wà láàyè. Ìyẹn ló ṣáájú gbogbo ẹ̀."

"Kí ló wá dé tó ò wò mí?"

"Ẹ̀rù ni, Ìyá mi. Ó ń ṣe mí bíi pé, bí mi ò bá tíì fọwọ́ kàn yín, ẹ ò tíì kú."

N kò fẹ́ kó lọ máa pàdé òkú olókùú kiri. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nílẹ̀ níbì kan tó ṣì ń mí, tí ẹ̀rù sì dá ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Mo ní, "Sún mọ́ mi. Ṣe é báyìí."

Ó fi ìka méjì kàn mí lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó wá ibi tí iṣan ti ń lù, kò rí i. Ó tún wá a. Àyà èmi náà ń já, àfi bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀.

"Ó wà níbí. Ó ń lù."

Ó ti padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù kò tíì tán lára rẹ̀, kò sì tíì tán lára mi. Láràárọ̀, kó tó jáde, á fọwọ́ kan ọrùn mi. Bó bá gbàgbé, èmi ni mo máa ń pè é padà.