Bàbá Àrówólò Bá Kọ̀ǹpútà Dúnàádúrà

Kò sí Aláta kan, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Accra, ní àdúgbò Darkuman tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Mutala Àrówólò bá kọ̀ǹpútà dúnàádúrà. Ṣọ́ọ̀bù Khàlíl, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń da fáìlì Bàbá sínú háàdì-díráìfù, àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ sójú pé iṣẹ́ náà yóò gba wákàtí mẹ́sàn-án.

"Mẹ́ta," ni Bàbá wí.

"Papa, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ẹ̀rọ ni."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́, mẹ́sàn-án di méje. Bàbá mi orí. "Ó ti ń gbọ́." Nígbà tó di márùn-ún, tí kò lọ sílẹ̀ mọ́, Bàbá dìde, ó ká apá agbádá rẹ̀, ó sì kọrí sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀rọ. Ogójì ọdún ló fi ta aṣọ ní ọjà Makola. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́ pé kọ̀ǹpútà ò létí.

Ohùn àwọn àgbà ló wà nínú àwọn fáìlì yẹn. Àgbà mẹ́tàdínlógún ni Bàbá fi fóònù ká ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: bí àwọn òbí wọn ṣe dé Accra, bí wọ́n ṣe di ẹrù lọ́dún 1969 nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àjèjì máa lọ, bí àwọn kan ṣe tún padà. Ṣáájú dúnàádúrà yẹn, nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú háàdì-díráìfù. Ọ̀sẹ̀ kejì, kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá. Àpótí kékeré yẹn nìkan ló kù.

Inú kúlà oúnjẹ ni Bàbá ń gbé e sí kó má baà fọ́. Lọ́jọ́ kan tó wọ trotro, bọ́ọ̀sì èrò, ní Kaneshie, mate tó ń gba owó ọkọ̀ bi í bóyá wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ló gbé lé itan.

"Àgbà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀," ni Bàbá dáhùn. "Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú."

Kò sẹ́ni tó jókòó tì í títí wọ́n fi dé Darkuman.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ṣùkúrátù, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ki àpótí náà bọ kọ̀ǹpútà Máàkì tirẹ̀. Wọ́n rí àwọn fáìlì, wọ́n tẹ́tí sí wọn, ṣùgbọ́n Máàkì kò jẹ́ kí wọ́n fi tuntun kún un.

"Ó ní ká wọlé," ni Bàbá ń ráhùn, "kò ní ká jókòó."

Ó gbé e lọ bá Khàlíl. Khàlíl ṣàlàyé pé ìlànà kọ̀ǹpútà Wíńdòòsì ni wọ́n fi tò ó. Máàkì lè kà á, kò lè kọ nǹkan sí i. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ exFAT, tí àwọn méjèèjì gbọ́. "Àmọ́ a máa fọ́máàtì ẹ̀, Papa. Ìyẹn á pa gbogbo wọn rẹ́."

"Ká tún pa wọ́n? Ṣé wọn ò tíì kú tó ni?"

Khàlíl ní àwọn á kọ́kọ́ dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ dópin ná.

"Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Papa, ẹ̀rọ ti ní gbogbo ẹ̀ pé."

"Ẹ̀rọ mọ̀ wọ́n rí ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi jókòó síbẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń sọ̀rọ̀, ni ohùn bá já láàárín gbólóhùn. Ìlàjì fáìlì náà kò dé. Khàlíl fa ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì fọ́máàtì bí ẹni tí iná jó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n tún un dà. Bàbá gbọ́ ìyá rẹ̀ dópin, ó nu ojú, ó mí kanlẹ̀. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́." Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń dà wọ́n padà sínú àpótí, tí dúnàádúrà wákàtí mẹ́sàn-án ọjọ́sí fi wáyé. Nígbà tí Wíńdòòsì gbà á, tí Máàkì náà gbà á, Bàbá ní, "Àlùhámúdùlíláhì," ó sì sùn lọ lórí àga Khàlíl. Híhanrun rẹ̀ lé oníbàárà méjì lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá ló jáde láyé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ fídáù, àwọn ẹbí dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti já lu Ṣùkúrátù láyà: Bàbá ká ohùn gbogbo ayé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ká tirẹ̀. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ yẹn náà ló fi ki àpótí bọ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n kan, kí àwọn àlejò lè gbọ́ ti àwọn àgbà inú rẹ̀. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ìyá Zuweira ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ṣe bímọ nínú lọ́rì lójú ọ̀nà lọ́dún 1969.

"Níbo lẹ ti wá rí omi, Màmá?" ni ẹnìkan béèrè nínú ẹ̀rọ.

Bàbá ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń mi ikùn rẹ̀.

Ṣùkúrátù di tábìlì mú. Ó ṣí òmíràn, Bàbá wà níbẹ̀, ó ń bá baba kan jiyàn pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ́, Ọjọ́rú ni. Ó ṣí òmíràn, ó wà níbẹ̀. Ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Ṣùkúrátù mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ pọ̀ níbí," ó ní.

Àwọn ẹbí fa àga sún mọ́ra, Khàlíl, tóun náà wá síbi fídáù, sì yí ohùn sókè.